Oúnjẹ Tí Kò Fojú Kan Iná

Ọ̀bẹ tí wọ́n fi ń gé itan ẹlẹ́dẹ̀ oníyọ̀ ní ìlú Parma ní Ítálì gùn, ó tẹ́ẹ́rẹ́, irin rẹ̀ sì ń tẹ̀ bí ọwọ́ bá ti tẹ̀ ẹ́. Ẹni tó mú un dání kì í fi agbára tì í. Wọ́n ti fi irin de itan náà mọ́ orí pákó kí ó má baà yí. Ibi tí ó fẹ́ gé nìkan ni ó ń bó awọ rẹ̀. Ó fi ìyókù sílẹ̀ kí afẹ́fẹ́ má baà gbẹ ẹran tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ó wá ń fa ọ̀bẹ náà lọ, ó ń fà á bọ̀. Gígùn ọ̀bẹ ló ń ṣiṣẹ́, kì í ṣe iṣan apá. Ohun tó ń jáde lẹ́nu ọ̀bẹ fẹ́lẹ́ débi pé bí ẹ bá gbé e sójú ìmọ́lẹ̀, ẹ ó máa rí ìka yín láti ẹ̀yìn rẹ̀. Kò jẹ́ kó já bọ́. Ó fi ọwọ́ òsì gbà á, ó ṣẹ́ ẹ po díẹ̀ sórí àwo kí afẹ́fẹ́ lè wà lábẹ́ rẹ̀, ó sì gbé èkejì tì í láìjẹ́ kí wọ́n lẹ̀ mọ́ra. Ọ̀rá funfun tó yí ẹran pupa náà ká ń bá a wá. Ọ̀pọ̀ àlejò máa ń yọ ọ̀rá yìí sọ nù, ó sì ń dùn mí tí mo bá rí i. Iyọ̀ wà nínú ẹran, adùn wà nínú ọ̀rá. Ẹnu ló yẹ kí àwọn méjèèjì ti pàdé.

Oṣù keje àti oṣù kẹjọ ni mo ń sọ, nígbà tí oòrùn Ítálì ń mú gan-an, tí kò sì sẹ́ni tó fẹ́ dúró ti ààrò. Ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ ni Ferragosto, ọjọ́ ìsinmi tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ ti wà láti ayé Augustus ọba Róòmù àtijọ́. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù á tilẹ̀kùn, ìgboro àwọn ìlú ńlá á dá, ẹbí á kóra jọ sí etíkun, sórí òkè, tàbí sábẹ́ igi nínú ọgbà. Wọ́n á jẹun dáadáa, àmọ́ ìkòkò kò ní gorí iná. Ìpápánu tí a ń fi ọwọ́ mú ni wọ́n á tò sórí tábìlì, kí oníkálùkù máa mú u bó ṣe ń wù ú.

Àwọn ènìyàn máa ń pè é ní oúnjẹ kíákíá. Mi ò bá wọn jiyàn lórí àkókò: ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe lè tẹ́ àwo mẹ́rin kí omi tó hó lórí iná ẹlòmíì. Ohun tí mo fẹ́ kí a rí ni ibi tí iṣẹ́ náà fara pamọ́ sí. Ọbẹ̀ tó wà lórí iná ṣeé tún ṣe. Bí iyọ̀ bá dín, a ó fi kún un. Bí omi bá pọ̀, a ó jẹ́ kó fà. Bí tòmátì bá kan, a ó dín in títí kíkan rẹ̀ á fi lọ. Ohun tí kò kan iná kò ní irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀. Bí tòmátì ṣe rí nígbà tí ẹ rà á ni yóò ṣe rí lẹ́nu àlejò. Nítorí náà, iṣẹ́ tí iná ìbá ṣe ti pín sọ́wọ́ àwọn ẹlòmíì: aniyọ̀ tó ń fi iyọ̀ tọ́jú ẹran, alábúrẹ́dì, ẹni tó ń fún wàrà, afẹ́fẹ́ òkè. Èyí tó kù fún ẹni tó pe àpèjẹ ni kí ó mọ̀ ọ́n rà, kí ó mọ̀ ọ́n gé, kí ó sì mọ ìgbà tó yẹ kó gbé e jáde.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí itan ẹlẹ́dẹ̀ yẹn, nítorí òun ni mo fẹ́ràn jù láti wò. Prosciutto ni wọ́n ń pè é. Orí àwọn òkè tó wà ní gúúsù ìlú Parma, ní àdúgbò Langhirano, ni wọ́n ti ń ṣe èyí tí òkìkí rẹ̀ kàn jù. Itan ẹlẹ́dẹ̀, iyọ̀, afẹ́fẹ́ àti àkókò: kò sí ohun mìíràn níbẹ̀. Ọ̀gá aniyọ̀ wọn ló ń fi ọwọ́ ra iyọ̀ sí i lára, iyọ̀ tútù sí apá tó ní awọ, iyọ̀ gbígbẹ sí apá tí ẹran ti hàn síta. Ojú ló fi ń wọn ọ́n. Bó bá pọ̀ jù, iyọ̀ nìkan ni ahọ́n á máa tọ́ wò. Bó bá kéré jù, ẹran á bàjẹ́ nínú, lẹ́bàá egungun, níbi tí ojú kò lè dé. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan nínú yàrá tútù, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á sì so ó kọ́ nínú ilé tí fèrèsé gíga rẹ̀ kọjú síra wọn, kí afẹ́fẹ́ òkè máa gba inú wọn kọjá. Bí ojú ẹran bá ti fẹ́ máa gbẹ jù, wọ́n á fi ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n pò mọ́ iyọ̀ díẹ̀ kùn ún, wọ́n á tún jọ̀wọ́ rẹ̀.

Ó ń lé ní ọdún kan kí ó tó pé. Nígbà náà ni ayẹ̀ranwò á mú abẹ́rẹ́ gígùn kan tí wọ́n fi egungun ẹsẹ̀ ẹṣin gbẹ́. Á fi gún itan náà ní ojú márùn-ún, á máa gbóòórùn abẹ́rẹ́ náà bó ṣe ń fà á yọ ní ojú kọ̀ọ̀kan, kí ó tó gún ibòmíì. Egungun ẹṣin ní ihò wẹ́wẹ́ nínú: ó ń gba òórùn kíákíá, òórùn náà sì ń tètè kúrò lára rẹ̀, kí ti ojú kan má baà dà mọ́ ti ojú kejì. Kò sí ẹ̀rọ kankan lọ́wọ́ ọkùnrin yìí. Imú rẹ̀ ló ń sọ ohun tó ń lọ lẹ́bàá egungun fún un, níbi tí aniyọ̀ kò lè rí lọ́dún tó kọjá. Bí itan náà bá yege, wọ́n á fi irin gbígbóná lu àmì adé ẹlẹ́nu márùn-ún sí i lára. Iná kan ṣoṣo tó fojú kàn láyé rẹ̀ nìyẹn, awọ ni ó sì kàn, kò kan ẹran.

Kò sí bí gbogbo ilé á ṣe ní ọlọ́bẹ tó mọṣẹ́. Ní 1898, Wilhelm van Berkel, alápatà kan ní Rotterdam ní ilẹ̀ Netherlands, ṣe ẹ̀rọ tó ń fara wé ọwọ́ àti ọ̀bẹ. Ọ̀bẹ rẹ̀ rí róbótó, ojú rẹ̀ tẹ̀ wọnú, kẹ̀kẹ́ ńlá kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń fi ọwọ́ yí. Àwọn ará Ítálì gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Títí dòní, ẹ ó rí èyí tí wọ́n kùn ní pupa lórí káńtà ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù wọn. Àwọn tó mọṣẹ́ ṣì fẹ́ràn èyí tí wọ́n ń fọwọ́ yí ju èyí tó ń lo iná mànàmáná lọ, nítorí pé ọ̀bẹ tó bá ń sáré jù máa ń gbóná, ìwọ̀nba ooru yẹn sì tó láti yọ́ ọ̀rá ẹran náà kí ó tó dé ẹnu ẹnikẹ́ni. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ rà á, ẹ ní kí wọ́n gé e lójú yín, kí wọ́n fi pépà sáàárín, kí ó sì jẹ́ ọjọ́ tí ẹ fẹ́ jẹ ẹ́. Èyí tí wọ́n ti gé sínú àpò láílọ́ọ̀nù tó wà ní fìríìjì láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ti pàdánù òórùn rẹ̀.

Ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nígbà ooru ni mẹ́lọ́nì, èyí tí inú rẹ̀ ní àwọ̀ ọsàn. Ó ti pẹ́ tí àwọn méjèèjì ti ń jọ rìn. Àwọn oníṣègùn àtijọ́ tó tẹ̀lé ẹ̀kọ́ Galen, oníṣègùn Gíríìkì kan, gbà pé mẹ́lọ́nì tutù, ó sì kún fómi, débi pé ó lè ṣe ara ní jàǹbá. Ohun gbígbẹ oníyọ̀ ni wọ́n ní kí a fi tì í lẹ́yìn. Ẹ̀kọ́ náà ti kọjá lọ, ṣùgbọ́n ahọ́n kò tíì já a nírọ́.

Ẹni tó mọ mẹ́lọ́nì rà kì í wo àwọ̀ nìkan. Á gbé e lọ́wọ́: ó gbọ́dọ̀ wúwo ju bó ṣe tóbi lọ. Á gbé imú sí ìdí rẹ̀, lódìkejì ibi tó ti já lára ìtàkùn; bí kò bá gbọ́ òórùn dídùn, á dá a padà sórí igbá. Bí òórùn náà bá sì ti ń ṣe bí ọtí, ó ti pọ́n kọjá. Nílé, á là á sí méjì, á fi ṣíbí kó irúgbìn rẹ̀ jáde jẹ́jẹ́, torí apá tó súnmọ́ irúgbìn ló dùn jù, kò sì yẹ kí ṣíbí há a lọ. Á bó èèpo rẹ̀, á gé e ní ìwọ̀n tí ẹnu lè gbà lẹ́ẹ̀kan, á ká ẹran náà lé e lórí, á fi igi ìtayín gún méjèèjì pọ̀. Iṣẹ́ náà tán. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń bà á jẹ́ ni pé wọ́n ti wé ẹran mọ́ mẹ́lọ́nì láti àárọ̀ kí wọ́n lè ráyè. Iyọ̀ á fa omi mẹ́lọ́nì jáde, omi á sọ ẹran di yíyọ̀, méjèèjì á sì pàdánù ohun tí wọ́n ní. Ẹ gé mẹ́lọ́nì sọ́tọ̀, ẹ tẹ́ ẹran sọ́tọ̀, kí wọ́n má fojú kan ara wọn títí ẹ ó fi gbọ́ ohùn àlejò lẹ́nu ọ̀nà.

Bí oṣù kẹjọ bá ti ń parí lọ, ọ̀pọ̀tọ́ lè gba ipò mẹ́lọ́nì. Àwọn ará Róòmù ń la pizza funfun tí kò ní tòmátì, èyí tí wọ́n rà lọ́wọ́ alábúrẹ́dì, wọ́n á ki ọ̀pọ̀tọ́ àti prosciutto sí i láàárín. Ọ̀pọ̀tọ́ tí awọ rẹ̀ ti sán díẹ̀, tí omi dídùn ti ń sun ní ìdí rẹ̀, ni kí ẹ mú. Èyí tó ń dán, tó sì le, kò tíì tó.

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú wa kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀. Àfonífojì Valtellina ní àríwá Ítálì, nítòsí ààlà Switzerland, ní bresaola: ẹran itan màlúù tí wọ́n fi iyọ̀ tọ́jú, tí wọ́n sì so kọ́ títí ó fi gbẹ. (Bí wọ́n ṣe dúńbú màlúù náà, kí Mùsùlùmí béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á.) Àwọ̀ rẹ̀ pọ́n dúdú, ọ̀rá rẹ̀ kò tó nǹkan, nítorí náà òróró ólífì ló ń ṣe iṣẹ́ ọ̀rá fún un. Ẹ tẹ́ ẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ẹ ta òróró sí i, ẹ ká a mọ́ ewé rucola tó ń ta lẹ́nu àti ẹ̀rún wàràkàṣì kan. Lẹ́mọ́ọ̀nù ló kẹ́yìn, nígbà tí àwo bá ti fẹ́ jáde, torí bó bá pẹ́ lórí ẹran náà, àwọ̀ pupa yẹn á ṣí.

Wàràkàṣì tí ìgbà ooru wá fún ni mozzarella. Èyí tó dára jù nínú rẹ̀ ń wá láti ara wàrà àwọn ẹfọ̀n tí wọ́n ń sìn ní Campania, ní apá Aversa àti Caserta, àti lọ́nà Paestum. Ẹni tó ń ṣe é á da omi gbígbóná sórí wàrà tó ti dì, á fi igi máa nà án sókè títí á fi máa fà láìjá, tí ara rẹ̀ á sì máa dán. Á wá fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀là já a, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, sínú omi tútù. Ojú ibi tí ìka ti já a ṣì máa ń hàn lára rẹ̀ bí ẹ bá wò ó dáadáa, mo sì fẹ́ràn kí n wá a kí n tó gé e. Níbi tí wọ́n ti ń ṣe é, wọn kì í gbé ti òní sí fìríìjì. Inú omi rẹ̀ ló ń wà, lórí tábìlì, wọ́n á sì jẹ ẹ́ kí ilẹ̀ tó ṣú. Fìríìjì ń mú ara rẹ̀ le. Bó bá di dandan kí ẹ gbé e síbẹ̀, ẹ yọ ọ́ jáde pẹ̀lú omi rẹ̀ ní bíi wákàtí kan ṣáájú, ara rẹ̀ á tún rọ̀.

Bí ẹ bá gé mozzarella tó dára, omi funfun á sun jáde. Omi yẹn dára nínú àwo, kò dára lára aṣọ àlejò. Fún ìpápánu, àwọn róbótó kéékèèké tí wọ́n ń pè ní ciliegine ló yẹ; ẹ tò wọ́n sórí aṣọ mímọ́ kí omi wọn fà díẹ̀. Ní àkókò yẹn, ẹ yíjú sí tòmátì. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni tòmátì ti dé Ítálì; ní 1544, oníṣègùn Pietro Andrea Mattioli mẹ́nu kàn án nínú ìwé rẹ̀, ó sì pẹ́ lẹ́yìn náà kí ó tó di ohun àmúyangàn lórí tábìlì wọn. Ẹ má gbé òun náà sí fìríìjì, otútù ń pa òórùn rẹ̀. Ẹ la àwọn kéékèèké sí méjì, ẹ bu iyọ̀ díẹ̀ sí ojú wọn, ẹ dojú wọn dé orí aṣọ fún ìṣẹ́jú mélòó kan. Omi tó pọ̀ jù á lọ, èyí tó kù á dùn sí i. Gbogbo ìsè tó ń ṣẹlẹ̀ níbí nìyẹn, iyọ̀ ló sì ń ṣe é.

Ewé básílì ni ìkẹta wọn. Ìbátan efinrin wa ni, òórùn rẹ̀ rọ̀ ju ti efinrin lọ. Ọ̀bẹ ń sọ etí rẹ̀ di dúdú, nítorí náà ọwọ́ ni wọ́n fi ń ya á. Fún orí igi ìtayín, ewé kékeré odindi ló dára jù. Tòmátì, ewé, wàràkàṣì, òróró tó ta lé e lórí: orúkọ erékùṣù Capri ni àwo yìí ń jẹ́, caprese. Mo ti rí àwọn tó ń da ọtí kíkan dúdú aládùn sórí rẹ̀. Mi ò fara mọ́ ọn. Wàrà tútù kò lágbára tó lè fi bá a jà, kíkan tó wà lára tòmátì sì tó o.

Àmọ́ bí ẹ bá bi mí pé èwo ló ní ọgbọ́n jù nínú gbogbo wọn, búrẹ́dì gbígbẹ Puglia ni máa nàka sí, ní gúúsù ìlà-oòrùn Ítálì níbi tí ilẹ̀ ti wọnú òkun. Frisella ni wọ́n ń pè é. Frisa ni lẹ́nu àwọn ará Salento, apá kan Puglia. Ìyẹ̀fun àlìkámà líle tàbí ti ọkà báálì ni wọ́n fi ń ṣe é, wọ́n á yí i ní òrùka. Wọ́n á kọ́kọ́ yan án. Bó ṣe ń gbóná lọ́wọ́, wọ́n á fi okùn irin là á sí méjì ní ìbú, wọ́n á tún dá a padà sínú ààrò títí omi ara rẹ̀ á fi tán. Torí pé okùn ló là á, ojú ibi tó ti là rí gbágungbàgun, wọ́n sì fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Ó le koko, oṣù lè gorí oṣù kí nǹkan kan má ṣe é. Àwọn apẹja ń ti okùn bọ ihò àárín rẹ̀, wọ́n ń gbé e lọ sójú agbami, wọ́n á sì rì í bọ omi òkun kí wọ́n tó jẹ ẹ́.

Ẹni tó bá fi gàrí dàgbà kò nílò àlàyé púpọ̀ níbí. Iná ti ṣe tirẹ̀ níbòmíì, lọ́jọ́ mìíràn, lọ́wọ́ ẹlòmíì. Omi tútù ló kù tí yóò jí i. Ẹni tó bá sì mọ gàrí mu mọ̀ pé ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ wà: ó nígbà tó ṣì ń ró lábẹ́ eyín, ó nígbà tó ti wú kọjá ohun tí a fẹ́. Àwọn ìyá àgbà Salento kì í ka ìṣẹ́jú. Ti àlìkámà, wọ́n á rì í bọ omi, wọ́n á yọ ọ́. Ti báálì á dúró díẹ̀ sí i. Wọ́n á fi ìka tẹ etí rẹ̀. Bí òde rẹ̀ bá ti gbà, tí àárín rẹ̀ ṣì le, ó tó, torí omi tó ti wọlé á máa rìn lọ sí àárín lẹ́yìn tó bá ti kúrò nínú àwo, omi tòmátì á sì tún bá a níbẹ̀. Ẹni tó bá dúró kí ó rọ̀ tán nínú omi, yóò ti pò kí ó tó dé ọwọ́ àlejò.

Wọ́n á wá la tòmátì kékeré kan, wọ́n á fi ojú rẹ̀ ra ojú gbágungbàgun búrẹ́dì náà, yíká-yíká, títí awọ nìkan á fi kù lọ́wọ́. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ okùn irin ti fara hàn: ojú tó rí jágajàga ló ń já inú tòmátì gbà, tó sì ń mú un dání, ojú tí ọ̀bẹ bá gé dọ́gba á jẹ́ kó ṣàn lọ. Iyọ̀ tẹ̀lé e. Oregano gbígbẹ tẹ̀lé e, wọ́n á fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ra á lókè àwo kí òórùn rẹ̀ lè jáde. Òróró ólífì ló ń kẹ́yìn. Bí òróró bá ṣáájú, á dí ojú búrẹ́dì, omi tòmátì kò ní rọ́nà wọlé. Mo ti wo ọwọ́ tó ń ṣe èyí tí kò sì sọ̀rọ̀ kankan, tí kò tilẹ̀ wo ohun tó ń ṣe, tí gbogbo rẹ̀ sì ń tẹ̀ léra bó ṣe yẹ. Wọ́n ń ta àwọn kéékèèké tí kò ju òkèlè méjì lọ; àwọn wọ̀nyẹn ni kí ẹ wá fún àpèjẹ.

Ẹja iyọ̀ pẹ̀lú bọ́tà lórí búrẹ́dì yẹ kó wà lórí tábìlì yìí pẹ̀lú. Ní Cetara, létíkun Amalfi, wọ́n ń to ẹja kéékèèké tí wọ́n ń pè ní acciughe sínú àgbá, ìpele ẹja, ìpele iyọ̀, wọ́n á gbé ohun wíwúwo lé e, wọ́n á sì fi í sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ẹni tó fẹ́ lò ó á ṣan iyọ̀ ara rẹ̀ kúrò lábẹ́ omi, á fi àtàǹpàkò la ikùn rẹ̀, á mú egungun ẹ̀yìn rẹ̀ láti ìrù, á sì fà á. Bí ọwọ́ bá mọ̀ ọ́n, gbogbo egungun á bá a jáde lẹ́ẹ̀kan náà, abala méjì á kù, wọ́n á nu wọ́n gbẹ. Kí bọ́tà orí búrẹ́dì náà tutù, kí ó sì nípọn dáadáa. Ẹni tó bá fi bọ́tà ṣahun níbí kò ní gbádùn ẹja náà.

Wàràkàṣì Parmigiano Reggiano kò fẹ́ kí a gé òun rárá. Odindi rẹ̀ ń wọn nǹkan bíi kílò 40, ó ń gba lítà wàrà tó lé ní 500, kì í sì í jáde kí ó tó pé ọdún kan, ó kéré tán. Ọ̀bẹ kúkúrú olórí ṣóńṣó tí àárín rẹ̀ fẹ̀ ni wọ́n ń tì bọ̀ ọ́. Wọ́n á yí ọwọ́ díẹ̀, wàràkàṣì náà á sì là níbi tí òun fúnra rẹ̀ fẹ́ là sí, ní ẹ̀rún tí kò bára dọ́gba. Ojú tó là bẹ́ẹ̀ ní hóró funfun wẹ́wẹ́ tó ń ró lábẹ́ eyín. Nípa pinzimonio, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò pọ̀: ẹ̀fọ́ tútù, kárọ́ọ̀tì àti sẹ́lẹ́rì àti irú wọn, tí a ń rì bọ òróró ólífì oníyọ̀. Bí òróró yín bá dára, ẹ ṣe é. Bí kò bá dára, ẹ fi í sílẹ̀.

Ní Venice, irú oúnjẹ yìí ní ilé tirẹ̀. Bacaro ni ilé ọtí kékeré náà, cicchetti ni àwọn ohun tó tò sórí káńtà, ombra ni ife wáìnì kékeré tí wọ́n fi ń tì í. Cantina Do Mori, lẹ́bàá ọjà Rialto, ní àwọn ti wà láti 1462. Ohun tí mo ń wò níbẹ̀ ni bí ẹni tó wà lẹ́yìn káńtà ṣe ń mọ ibi tó yẹ kó dúró. Búrẹ́dì kan, ohun kan tó rọ̀ lórí rẹ̀, ohun kan tó ní iyọ̀ lókè, ó tó. Kò fi ewé kún un torí ẹwà. Ọ̀kan nínú wọn kàn wá gan-an: baccalà mantecato. Ẹja gbígbẹ Nọ́wè ni, irú panla gbígbẹ tí a ń rà lọ́jà wa, tí àwọn Igbo ń pè ní okporoko. Wọ́n sọ pé Pietro Querini, oníṣòwò Venice tí ọkọ̀ rẹ̀ rì, tí ìgbì sì gbé dé Røst ní Nọ́wè ní 1432, ló mú un wá sílé. Wọ́n á rẹ ẹ́, wọ́n á bọ̀ ọ́, wọ́n á máa ta òróró sí i bí wọ́n ṣe ń lù ú títí á fi funfun, tí á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró fúnra rẹ̀. Ó kan iná o, mi ò sẹ́. Ṣùgbọ́n ará Venice tó fẹ́ gba àlejò nígbà ooru ń rà á ní ṣíṣe tán, ọ̀bẹ ló kù tí yóò fi tẹ́ ẹ sórí búrẹ́dì.

Ìnàró ni wọ́n ń jẹ gbogbo nǹkan wọ̀nyí. Ọwọ́ kan di ife mú, ọwọ́ kejì nìkan ló kù, ọ̀rọ̀ sì wà lẹ́nu. Ohun tó bá ju òkèlè méjì lọ, tó ń kán sílẹ̀, tàbí tó ń fẹ́ ọ̀bẹ, ti ṣẹ̀ sí àlejò. Ẹni tó mọṣẹ́ á ti jẹ ọ̀kan ní ìnàró nínú ilé ìdáná, pẹ̀lú ife lọ́wọ́, kí ó tó to èyí tó kù. Á gbé àwo òfìfo kan sítòsí fún igi ìtayín àti kóró ólífì, torí bí kò bá sí i, àpò sòkòtò àti inú òdòdó ni wọ́n á kó o sí. Kì í kó gbogbo rẹ̀ jáde lẹ́ẹ̀kan. Oòrùn tó lé wa kúrò nídìí ààrò lè ba wàràkàṣì àti ẹran jẹ́ lórí tábìlì. Àwo kékeré ló ń gbé jáde, tó bá tán, á lọ tún un tò.

Ní Sicily àti ní Puglia, èso orọ́ ẹlẹ́gùn-ún kan tó ti Mẹ́síkò wá ló máa ń kẹ́yìn. Fico d'India ni wọ́n ń pè é. Ẹ̀gún ara rẹ̀ kéré débi pé ojú kì í rí wọn dáadáa, wọ́n sì ń wọnú awọ ọwọ́. Ẹni tó mọ̀ ọ́n bó á ti rẹ ẹ́ sómi tútù ṣáájú kí púpọ̀ nínú ẹ̀gún náà lè ṣí. Á fi fọ́ọ̀kì gún un mọ́ pákó, á gé orí rẹ̀, á gé ìdí rẹ̀, á fi ọ̀bẹ la awọ náà ní òró lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Á wá fi ẹnu ọ̀bẹ ká etí awọ kúrò, á sì máa yí èso náà títí á fi bọ́ sílẹ̀ ní ìhòòhò, pupa tàbí aláwọ̀ ọsàn tàbí funfun, láìjẹ́ pé ọwọ́ rẹ̀ kàn án rárá. Yìnyín ni wọ́n ń gbé e lé. Irúgbìn inú rẹ̀ pọ̀, ó sì le; wọn kì í ṣà á jáde, wọ́n ń gbé e mì pọ̀ mọ́ èso náà ni.